Ọgbọ̀n òru, ọgbọ̀n orúkọ: bí ẹ ṣe lè máa wo òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì ní Hawaiʻi lóṣooṣù

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní Honolulu, ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo ojú ọ̀run. Mi ò ní awò awọ̀nàjíjìn, mi ò sì kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ nílé ìwé kankan. Ohun tó fà mí mọ́ra ni pé àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaiʻi kì í kàn sọ pé òṣùpá ń kún tàbí pé ó ń kú lọ. Òru kọ̀ọ̀kan nínú oṣù ló ní orúkọ, láti orí Hilo títí dé Muku. Ẹni tó bá mọ orúkọ òru tó wà ti mọ ibi tí òṣùpá máa wà, ó mọ ìgbà tó máa yọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mọ pílánẹ́ẹ̀tì tó máa bá pàdé, torí ojú ọ̀nà kan náà ni òṣùpá àti gbogbo àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé òṣùpá fún oṣù kan gbáko, á mú yín lọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń mú ìyàwó tuntun kiri agboolé.

Oṣù tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2026, ó sì parí ní nǹkan bí ọjọ́ 14 oṣù keje. Mo yàn án torí pé pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló máa tò sí ìwọ̀ oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí méjì yòókù á sì wà níta ní ìdájí. Bí ẹ bá fẹ́ lo oṣù mìíràn, ọ̀nà náà kò yàtọ̀, ọjọ́ nìkan ló máa yí.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é

Ẹnu Yorùbá kò ní wàhálà púpọ̀ pẹ̀lú èdè yìí. A, e, i, o, u wọn bá tiwa mu. Nǹkan méjì ló lè ṣì yín lọ́nà. Ìlà tó wà lórí fáwẹ̀lì, bíi ti ū tàbí ā, kì í ṣe àmì ohùn o. Ńṣe ló ní kí ẹ fa fáwẹ̀lì náà gùn. Àmì kékeré tó dà bíi kọ́mà tó dojú dé (ʻ) ní tirẹ̀ jẹ́ kọ́ńsónáǹtì gidi: ẹ há èémí mọ́ ọ̀fun díẹ̀ kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá fò wọ́n dá ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Hōkū tó ní ìlà ni ìràwọ̀. Hoku tí kò ní ìlà ni òru kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù. Odidi oṣù méjì ni mo fi ń pe ọ̀kan fún èkejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé inú wọn ń dùn sí mi ni.

Mahina ni òṣùpá, mahina náà sì ni oṣù tí a ń kà, gẹ́gẹ́ bí "oṣù" ṣe jẹ́ méjèèjì lẹ́nu àwa náà. Hele ni kí èèyàn máa lọ. Hōkūhele, ìràwọ̀ tó ń rìn, ni pílánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí ẹ máa dúró sí

Ibi méjì lẹ nílò: ọ̀kan tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn fún ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ọ̀kan tó kọjú sí ìlà oòrùn fún ìparí rẹ̀. Ní erékùṣù Oʻahu, níbi tí Honolulu wà, etíkun Waiʻanae ló dára jù fún ti ìrọ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn fẹ́ wá máa ń gbé ìkùukùu pàdé àwọn òkè Koʻolau, ibẹ̀ ni òjò ń rọ̀ sí, ó sì máa ń jẹ́ kí apá Waiʻanae gbẹ, kí ojú ọ̀run rẹ̀ mọ́. Fún ti ìdájí, ẹ lọ sí ìhà Makapuʻu tàbí Waimānalo, kí ẹ sì mọ̀ pé ìkùukùu lè já yín kulẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà etíkun ni wọ́n máa ń tì lóru, nítorí náà ẹ ka pátákó kí ẹ tó gbé ọkọ̀ wọlé.

Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ga ti tó. Iná ìlú ń pa ìràwọ̀ kéékèèké, kò lè pa òṣùpá, kò sì lè pa àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ sáà fún ojú yín ní ogún ìṣẹ́jú kó bá òkùnkùn mọ́ra, kí ẹ sì fi fóònù sápò. Mo fi ọ̀rá pupa we ẹnu tọ́ọ̀ṣì mi, torí iná pupa kì í ba ojú jẹ́ bíi ti funfun.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n

Ẹ na apá síwájú gbọnrangandan, kí ẹ di ìkúùkù, kí ẹ sì di ojú kan. Fífẹ̀ ìkúùkù yẹn lójú ọ̀run jẹ́ nǹkan bíi díígírì mẹ́wàá. Ìka ọmọńdinrín jẹ́ díígírì kan. Òṣùpá fúnra rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó lójú yín nígbà tó bá ń yọ, ìdajì díígírì péré ni. Ọmọńdinrín yín á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ dán an wò, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà.

Ẹ fi Hōkūpaʻa kọ́ ọwọ́ yín. Paʻa ni ohun tó dúró gírígírí. Ìràwọ̀ àríwá tí kì í kúrò lójú kan ni, bó sì ṣe ga tó lókè ilẹ̀ bá iye díígírì tí ìlú yín fi wà ní àríwá ìlàjì ayé mu. Ní Honolulu, ìkúùkù méjì àti díẹ̀ ni. Ní Èkó, kò tó ìkúùkù kan, ìkùukùu tàbí igi ọsàn aládùúgbò á ti bò ó, ìdí rèé tí púpọ̀ nínú wa kò fi mọ̀ ọ́n.

Òṣùpá ń sún sí ìlà oòrùn ní nǹkan bíi díígírì 13 lójúmọ́, ìyẹn ìkúùkù kan àti ìka mélòó kan. Torí èyí ló fi ń yọ pẹ́ ju ti àná lọ, ní bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ti ní òye yìí lórí, ẹ ti lè sọ ibi tí yóò wà lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dúró de Hilo

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Mo wo kàlẹ́ńdà, mo rí i pé wọ́n kọ "òṣùpá tuntun" síbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òru láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé Hoku nínú ìwé mi, òṣùpá tí mo rí kò tíì yí po. Màmá àgbàlagbà kan tó máa ń pẹja létíkun wa, tí gbogbo wa ń pè ní Aunty (bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbà níbí, ẹ kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ ṣákálá), wo ìwé mi, ó fi ìka rẹ̀ tó ń rùn fún ẹja sórí ìlà àkọ́kọ́. "Ṣé o rí i lálẹ́ ọjọ́ yìí?" Mo ní rárá, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Òru tí o kò rí lo kà yẹn."

Òṣùpá tuntun inú kàlẹ́ńdà ni ìgbà tí òṣùpá bọ́ sí àárín àwa àti oòrùn, kò sẹ́ni tó lè rí i. Hilo ni ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí fọ́nrán rẹ̀ hàn sí ojú. Ẹni tó bá ti bá àwọn Mùsùlùmí ilé wa wá oṣù Ààwẹ̀ rí ti mọ ohun tí mò ń sọ: ojú ló ń bẹ̀rẹ̀ oṣù. Kódà, oṣù tí a fẹ́ lò yìí gan-an ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọdún 1448 Hijira.

Ohun mìíràn: òru ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ìdájí ọ̀la ṣì jẹ́ ti òru alẹ́ yìí. Ẹ rántí èyí, a máa nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé ìparí oṣù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ní bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Honolulu ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, òṣùpá á bá oòrùn ṣe ìpàdé. Ẹ má ṣe wulẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 15, oòrùn á wọ̀ ní nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ tán pátápátá. Bí ẹ bá ní awò ojú-méjì tí àwọn awẹyẹ máa ń gbé kọ́rùn, ẹ má ṣe gbé e sójú kí oòrùn tó rì, ó lè fọ́ ojú yín. Nígbà tó bá di bí aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ wo ibi tí oòrùn gbà wọlé, kí ẹ gbójú sókè díẹ̀, kò ní tó ìkúùkù kan lókè òkun. Ẹ ó rí i bí ẹni rí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ran. Ohun tí hilo túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: kí á lọ́ okùn, kí á ran òwú. Ìlú Hilo tó wà ní erékùṣù tó tóbi jù lọ ní Hawaiʻi ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Hilo, òru kìíní.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ há orúkọ náà sórí, ìdì mẹ́ta

Wọ́n pín oṣù sí mẹ́ta, òru mẹ́wàá-mẹ́wàá. Anahulu ni wọ́n ń pe ìdì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ lè yí díẹ̀ láti erékùṣù kan sí òmíràn, kí ẹ má bàa jiyàn pẹ̀lú ẹni tó bá pe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Ìdì àkọ́kọ́ ni hoʻonui, ìgbà tí ó ń pọ̀ sí i: Hilo, Hoaka, Kūkahi, Kūlua, Kūkolu, Kūpau, ʻOlekūkahi, ʻOlekūlua, ʻOlekūkolu, ʻOlepau.

Ìdì kejì ni poepoe, ìgbà tó rí róbótó: Huna, Mōhalu, Hua, Akua, Hoku, Māhealani, Kulu, Lāʻaukūkahi, Lāʻaukūlua, Lāʻaupau.

Ìdì kẹta ni emi, ìgbà tó ń dín kù: ʻOlekūkahi, ʻOlekūlua, ʻOlepau, Kāloakūkahi, Kāloakūlua, Kāloapau, Kāne, Lono, Mauli, Muku.

Kò ṣòro tó bó ṣe rí lójú. Kahi ni ení, lua ni èjì, kolu ni ẹ̀ta, pau ni "ó tán". Ọ̀rọ̀ pau yìí wà lẹ́nu gbogbo ará Hawaiʻi títí kan àwọn tí kò gbọ́ èdè náà. Bí iṣẹ́ bá parí, pau hana ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ Kū, ʻOle, Lāʻau àti Kāloa, ẹ ti mọ òru 17 nínú ọgbọ̀n.

ʻOle ni "kò sí". Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá nínú oṣù, nígbà tí òṣùpá bá dé ìdajì tó ń kún àti ìdajì tó ń dín. Àgbẹ̀ àtijọ́ kì í gbin nǹkan sí òru ʻOle, oko ni wọ́n fi ń ro. Huna ni ohun tó pamọ́, torí ìwo òṣùpá ti wọlé, kò ṣóńṣó mọ́. Mōhalu ni kí òdòdó máa là. Hua ni èso tàbí ẹyin. Akua ni òrìṣà. Lāʻau ni igi, òun náà sì ni oògùn, èyí kò sì yẹ kó ya ẹni tó ń pe oògùn ní egbòogi lẹ́nu. Kāloa jẹ́ ti òrìṣà Kanaloa, Kāne àti Lono sì ń jẹ́ orúkọ òrìṣà tiwọn. Muku ni ohun tí wọ́n gé kúrú: òru tí òṣùpá kò sí rárá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kó mú yín dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ìrọ̀lẹ́

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta péré, 15 sí 17 oṣù kẹfà, ẹ ó ti mọ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Èyí ni ibi tó dùn jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá lórí yín.

Ní òru Hilo, ẹ gbójú láti orí fọ́nrán òṣùpá lọ sókè. Ní ìkúùkù kan àtààbọ̀ lókè òkun, iná kékeré kan wà níbẹ̀. Mẹ́kúrì nìyẹn. Ukaliʻaliʻi ni wọ́n ń pè é: ukali ni kí á tẹ̀ lé èèyàn, aliʻi ni ọba. Kì í jìnnà sí oòrùn, bí ẹmẹ̀wà kì í ṣe é jìnnà sí Ọba, ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi kú láìrí i rí. Ọjọ́ 15 yìí gan-an ló jìnnà sí oòrùn jù lọ nínú ìrìn rẹ̀ yìí, nítorí náà ẹ lo àǹfààní rẹ̀. Bó bá fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó ti rẹlẹ̀ sórí òkun.

Lókè rẹ̀, ní ìkúùkù méjì àtààbọ̀, Júpítà ni. Orúkọ rẹ̀ ni Kaʻāwela. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ikaika, alágbára. Lókè Júpítà ni èyí tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: àgùàlà (Venus). Ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, àwọn awakọ̀ máa ń rò pé bàálù ni. Hōkūloa ni orúkọ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, àgàgà nígbà tó bá wà ní ìdájí. Bí ẹ bá jáde ṣáájú, ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, ẹ ó rí òun àti Kaʻāwela ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìka ọmọńdinrín méjì kò ní wọ àárín wọn tán.

Òru kejì, Hoaka. Òṣùpá ti fò kọjá Ukaliʻaliʻi, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ Kaʻāwela. Ẹ fara balẹ̀ wo ara òṣùpá náà: apá tí oòrùn kò tàn sí kò dúdú tán, ó ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́ ìgò. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ara ayé wa yìí ta padà sí i ni. Bí ẹ bá ní awò ojú-méjì, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí ògiri kí ó má bàa gbọ̀n, kí ẹ sì wo Kaʻāwela. Ẹ ó rí àwọn òṣùpá tirẹ̀ bí èèrà funfun lórí ìlà kan, ó lè jẹ́ mẹ́rin, ó lè jẹ́ mẹ́ta bí ọ̀kan bá ti sá sẹ́yìn.

Òru kẹta, Kūkahi. Òṣùpá ti dé ọ̀dọ̀ àgùàlà, ó tiẹ̀ ti kọjá rẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí ni ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ rò. Ṣùgbọ́n ẹ padà wá lálẹ́ ọ̀la: òṣùpá ti lọ, àgùàlà dúró sí ibi tó wà.

Bí ẹ ṣe ń fi ojú ya pílánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ sí ìràwọ̀ kò le. Ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ṣẹ́jú àyàfi bó bá rẹlẹ̀ gan-an. Bí iyè méjì bá mú yín, ẹ dúró di ọjọ́ tí òṣùpá máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àárín oṣù, nígbà tí òṣùpá bo ọ̀run

Ọjọ́ 21 ni òṣùpá dé ìdajì, òru keje, ʻOlekūkahi. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ yìí fún àwọn ìràwọ̀ ńlá kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù. Ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ gbójú sókè gan-an, títí ọrùn yóò fi dùn yín. Ìràwọ̀ tó pọ́n díẹ̀ tó wà ní àtàrí yín ni Hōkūleʻa. Kò sí bí ó ṣe lè ṣe kó má kọjá lórí Hawaiʻi, torí iye díígírì tó fi wà ní àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti erékùṣù náà. Atukọ̀ tó bá ti gúúsù bọ̀, tó rí i pé Hōkūleʻa ti dé àtàrí òun, mọ̀ pé òun ti dé ibi tó yẹ kí òun ti yà. Orúkọ ìràwọ̀ yìí ni wọ́n fún ọkọ̀ ojú omi tó ṣí láti Maui ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1976, tó sì gúnlẹ̀ sí Tahiti ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà láìlo kọ́ńpáàsì. Mau Piailug, ọmọ erékùṣù Satawal ní Micronesia, ló fi ìràwọ̀ àti ìgbì òkun darí rẹ̀, torí nígbà náà kò sí ọmọ Hawaiʻi tó ṣì mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di 1980, Nainoa Thompson, ọmọ Hawaiʻi, ti darí ọkọ̀ kan náà lọ, ó sì darí rẹ̀ bọ̀.

Ní ọjọ́ 26 àti 27, Mōhalu àti Hua, òṣùpá á wà nínú ìdì ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Manaiakalani, ìwọ̀ ẹja Māui (akọni inú ìtàn wọn), tó nà sí gúúsù bí ìwọ̀ gidi. Ìràwọ̀ pupa kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Lehuakona. Ẹ má ṣì í mú fún Máàsì. Ó ń ṣẹ́jú, Máàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Máàsì ò sì tíì sí níta ní irú àkókò yẹn lóṣù yìí.

Hoku bọ́ sí ọjọ́ 29. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ní bí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, òṣùpá kún pátápátá, nítorí náà bí kíkà yín bá tọ́, òṣùpá àrànmọ́jú lẹ ó bá pàdé ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò yọ láti inú òkun bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Orúkọ méjì ni Hoku ní. Bí ó bá rì kí oòrùn tó yọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hoku Palemo ni, èyí tó rì. Bí oòrùn bá yọ bá a lókè, Hoku Ili ni, èyí tó fàyà lélẹ̀ bí ọkọ̀ tó gun iyanrìn. Ti oṣù yìí sún mọ́ra débi pé mi ò ní sọ fún yín. Ẹ dìde ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí ẹ lọ wò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn ti ìdájí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, torí oorun dùn. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bíi tèmi, ẹ ti borí.

Ní ìdájí ọjọ́ 7 oṣù keje, ní bí aago mẹ́ta sí márùn-ún, òṣùpá tó ti ku ìdajì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kan tó rọra pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí kò ṣẹ́jú. Sátọ̀n ni, Makulu lẹ́nu wọn. Òru wo la wà? Kì í ṣe òru ọjọ́ 7. Alẹ́ ọjọ́ 6 ló bí ìdájí yìí, òru kejìlélógún, ʻOlekūlua. Awò ojú-méjì kò lè fi òrùka Makulu hàn yín. Ìyẹn nílò awò awọ̀nàjíjìn, kódà kékeré.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ìdájí ọjọ́ 11, òru Kāloapau, òṣùpá ti di fọ́nrán padà. Ẹ kọjú sí ìlà oòrùn ní bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ìdì ìràwọ̀ kéékèèké tó kó ara wọn jọ bí ọmọ adìyẹ ni Makaliʻi. Nígbà tí wọ́n bá yọ ní ìrọ̀lẹ́ ní oṣù kọkànlá ni àkókò Makahiki, àsìkò ìsinmi àti àjọ̀dún Lono, máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítòsí òṣùpá náà lẹ ó ti rí iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan. Hōkūʻula, ìràwọ̀ pupa: Máàsì. Kò tàn yanran lóṣù yìí, ó jìnnà sí wa. Ẹ ní sùúrù fún un di oṣù kejì ọdún 2027.

Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè

Mauna Kea, òkè tó wà ní erékùṣù kan náà pẹ̀lú ìlú Hilo, ga tó mítà 4,207. Ibùdó àlejò wà ní nǹkan bíi mítà 2,800, ibẹ̀ sì ti tó fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ wo òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ lọ sókè sí i, ẹ kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara yín gba afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ náà. Aboyún, ọmọ tí kò tíì pé 13, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ òkun pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, kí wọ́n má kọjá ibùdó yẹn.

Ẹ kó aṣọ òtútù. Mo wọ bùbá àǹkárá lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí mo sọ fún ara mi pé Hawaiʻi ni mo wà. Eyín mi ń lura wọn débi pé mi ò lè pe Kaʻāwela. Àjèjì kan ló fún mi ní kúbùsù.

Òkè ọ̀wọ̀ ni fún àwọn onílẹ̀. Ní 2019, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè náà fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n má bàa kọ́ awò ńlá mìíràn sí orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí òkúta tí wọ́n tò jọ bí ojúbọ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì kó òkúta kankan sílé.

Ẹni tí òkè kò bá wù lè lọ sí ʻImiloa ní ìlú Hilo, tó ṣí ní 2006, tàbí ilé ìwòràwọ̀ Bishop Museum ní Honolulu, tó ti wà láti 1961. Àwọn méjèèjì máa ń fi ojú ọ̀run hàn pẹ̀lú orúkọ Hawaiʻi.

Bí ẹ bá wà nílé

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè ka òru náà, ṣùgbọ́n kó má fi ọjọ́ mi kà á. Aago Nàìjíríà fi wákàtí 11 ṣáájú ti Honolulu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 lọ́dọ̀ yín, òṣùpá náà kò tíì pé wákàtí 16 tó kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí nǹkan kan. Ọjọ́ 16 ni Hilo tiyín nígbà náà, kí ẹ fi ọjọ́ kan kún gbogbo ohun tí mo kà. Òfin Aunty ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwé kékeré

Ìlà kan lálẹ́ kan. Orúkọ òru, aago, ìkúùkù mélòó lókè ilẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìkùukùu bá wà, ẹ kọ "ìkùukùu", ẹ má fo òru náà.

Ìwé yìí ni yóò gbà yín là ní ìparí oṣù, torí òṣùpá kì í pé ọgbọ̀n ọjọ́ geere. Ọjọ́ 29 àtààbọ̀ ni yíyípo rẹ̀, nítorí náà oṣù kan lè jẹ́ 29, kí òmíràn jẹ́ 30. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù keje, ẹ lọ dúró síbi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ Hilo, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ ọ̀run dáadáa ní bí aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú. Bí ojú yín bá ká fọ́nrán náà, oṣù náà jẹ́ 29, kò ní Muku, Hilo tuntun ni ẹ ń wò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ Muku sílẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ 15.